Ọrẹ Kì í Ṣe Àjọ: Owó Orí àti Owó Tí À Ń Dá fún Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn ní Ilé Ìwé Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń tọ́ ọmọ ní ìlú Houston yìí, mo kí yín. Ẹ kú ìpéjọ, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú wàhálà ọmọ. Mo rí àwọn kan nínú yín tí ó jẹ́ pé láti pápá ìṣeré ọmọ ni wọ́n ti wá tààrà, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ bàtà wọn. Ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ta kókó. Ẹ bi mí pé: owó tí à ń dá fún ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ní ilé ìwé àwọn ọmọ wa, àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ará ibí ń pè ní booster club, ǹjẹ́ a lè yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wọlé fún wa kí ìjọba tó ka owó orí lé ìyókù? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wa kọ ìwé owó orí ní ìpínlẹ̀ Texas, kò sì sí ọdún kan tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá bi mí, èmi náà máa ń bi í padà pé: ọrẹ lẹ ṣe ni, àbí àjọ lẹ dá?

Gbogbo wa la mọ àjọ. Alájọ yóò yà ní ìsọ̀ ìyá wa lójoojúmọ́, yóò gba owó, yóò fa ìlà sínú káàdì, nígbà tí oṣù bá sì parí, ìyá wa yóò gba owó rẹ̀ padà. Àjọ dára, òun ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó gbọ́ ọ rí kí ìyá kan sọ pé òun ta alájọ lọ́rẹ? Owó rẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò padà sí. Ọrẹ ni èyí tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, tí a kò ní máa fi ojú wá a mọ́. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ìdajì òfin tí mo fẹ́ ṣàlàyé ti yé yín.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹgbẹ́ náà jẹ́. Ilé ìwé kì í ní owó tó tó fún bọ́ọ̀sì, aṣọ ẹgbẹ́, fèrè, ìlù àti oúnjẹ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá lọ figagbága ní ìlú mìíràn. Àwọn òbí ni yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò yan alága àti akápò, wọn yóò máa ta nǹkan, wọn yóò máa ṣe àsè, wọn yóò máa dá owó. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà owó orí ìjọba àpapọ̀, èyí tí IRS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó orí, ń gbà, nìkan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ta ni ó gba owó náà?

Ẹsẹ̀ 170 nínú òfin owó orí Amẹ́ríkà ti sọ irú àwọn tí a lè ta lọ́rẹ kí a sì yọ ọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, bí ọrẹ náà bá jẹ́ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Torí bẹ́ẹ̀, ilé ìwé ìjọba tóótun láti gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ 501(c)(3) náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn yàtọ̀ sí ilé ìwé. Bí ó tilẹ̀ ń ṣèpàdé nínú yàrá ìkàwé ilé ìwé, tí orúkọ ilé ìwé wà ní àyà aṣọ rẹ̀, àwọn òbí ni ó dá a sílẹ̀, òun àti ilé ìwé kì í sì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin. Kò gbọdọ̀ máa lo nọ́ńbà owó orí ilé ìwé bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.

Akápò yóò sọ fún yín pé, “Ẹ má ṣèyọnu, non-profit ni wá.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó. Kí ìpínlẹ̀ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé kì í wá èrè, ọ̀tọ̀ ni. Kí IRS fọwọ́ sí i, ọ̀tọ̀ ni. Láti gba ìwé àṣẹ 501(c)(3) lọ́dọ̀ IRS, ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ máa ń kọ Form 1023-EZ, $275 ni owó rẹ̀. Àwọn tó tóbi ń kọ Form 1023, tí owó tirẹ̀ jẹ́ $600. Ẹgbẹ́ kékeré gan-an, tí iye tó ń wọlé fún un lọ́dún kì í sábà ju $5,000 lọ, kò pọn dandan kó kọ èyíkéyìí nínú wọn, bí ìlànà àti ìṣe rẹ̀ bá ṣáà bá òfin mu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè wo ojú ewé tí IRS fi ń wá orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó tóótun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìyá kan wá bá mi ní ọdún kan, ó ní òun ti fún ẹgbẹ́ onífèrè ọmọ òun ní $1,200. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fi san án?” Ó ní Zelle ni, èyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó nà án sí mi. Orúkọ ènìyàn ni mo rí níbẹ̀, orúkọ òbí kan tó ń bá wọn gba owó, nítorí ẹgbẹ́ náà kò tíì ṣí àkáǹtì ní báńkì, kò sì tíì fi orúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Ẹ gbọ́ o, kò sí ẹni tó jalè. Wọ́n ra fèrè, mo sì gbà pé àwọn ọmọ ń fọn ọ́n dòní. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ìyá wa fún lówó, òfin kò sì gbà kí a yọ owó tí a fún ẹnì kan, bó ti wù kí ẹni náà ṣèèyàn tó. Ká ní ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí orúkọ ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni, pé kí wọ́n fi ra ohun èlò fún gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá yàtọ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́. Ẹgbẹ́ tó ti gba ìwé àṣẹ lè sọ ọ́ nù láìmọ̀. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí IRS mọ̀ pé òun ṣì wà. Èyí tí owó rẹ̀ kì í sábà ju $50,000 lọ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní 990-N. Bí ó bá kùnà fún ọdún mẹ́ta léraléra, àṣẹ rẹ̀ parẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ló ń fà á tí ẹgbẹ́ fi ń gbàgbé? Akápò tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọ ti wọ yunifásítì, ìyá kò sì wá sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ akápò lé èmi náà lọ́wọ́ ní ẹgbẹ́ kan tí ọmọ mi wà, páálí bàtà kan ni wọ́n gbé fún mi. Rìsíìtì epo mọ́tò àti ti pizza ló kún inú rẹ̀, wọ́n ti ká kò. Lábẹ́ wọn ni mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ IRS tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya. Ọdún méjì ti kọjá tí wọn kò kọ nǹkan kan, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì kù kí àkókò ti ọdún kẹta tó pé. Lóru ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́. Bí mo bá ti fi páálí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí àwọn tó ṣáájú mi ti ṣe, ìdílé tó lé ní ọgọ́rin ni ì bá máa pe owó wọn ní ọrẹ lórí asán.

Nígbà tí ọrẹ bá di àjọ

Ọ̀rọ̀ kejì yìí gan-an ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni. Òbí tó bá jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré, ọmọ tirẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Torí náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ṣí àkáǹtì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé $800 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san fún ìrìnàjò. Ìdílé kan ta ṣokoléètì, èrè $500 wọlé. Ẹgbẹ́ kọ ọ́ sí orúkọ ọmọ wọn, $300 ló kù kí wọ́n san. Ìdílé kejì kò ta nǹkan kan, wọ́n san $800 tán pátápátá. Gbogbo wa ni yóò sọ pé ó tọ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹ. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Òfin sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, Capital Gymnastics Booster Club, ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ń díje nínú eré ìdárayá onítàkìtì. Kì í ṣe ilé ìwé ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de òun àti tiwa. Ẹgbẹ́ yìí ti gba ìwé àṣẹ 501(c)(3). Ìdílé tó bá bá wọn ta ọjà yóò gba póìntì, póìntì yẹn ni wọn yóò sì fi yọ nínú owó tí ọmọ wọn jẹ; ẹni tí kò bá ta ọjà yóò san gbogbo tirẹ̀. IRS gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kò gbà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ owó orí, ní ọdún 2013 ilé ẹjọ́ dá IRS láre. Adájọ́ rí i pé èrè tí ẹgbẹ́ ń pa ń wọ àpò àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ń ṣe wọ́n láǹfààní gẹ́gẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan, dípò kó máa gbé eré ìdárayá àwọn ọmọ lárugẹ lápapọ̀.

Ẹ wo bí ó ti jọ àjọ. Wọ́n fa ìlà sínú káàdì, wọ́n sì gba owó wọn nígbà tí oṣù parí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé alájọ kò sọ fún ìjọba rí pé ẹgbẹ́ aláàánú ni òun.

Mo mọ̀ pé ó dun ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìpàdé kan, bàbá kan dì mí mú, ó ní, “Ṣé kí n máa ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọ̀lẹ ni?” N kò lè sọ pé ìbínú rẹ̀ kò nídìí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó ní ká má ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn náà ló sọ pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í bá ni wò ó. Ìhà ọ̀rọ̀ kejì yìí ni òfin fì sí. Ìjọba gbà láti fi apá kan nínú owó orí rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé owó náà ń tọ́jú ọmọ gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọ ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, tí kò lè rí àyè wá ta ṣokoléètì. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi nìkan ni owó mi ń tọ́jú, ojúṣe mi gẹ́gẹ́ bí òbí ni mo ṣe, kò sí ìdí tí aládùúgbò mi yóò fi bá mi san nínú rẹ̀.

Ohun tó tọ́ kò le. Kí gbogbo owó wọ inú àpò kan ṣoṣo, kí ó dín owó gbogbo ọmọ kù ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ran ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ la ìlànà kalẹ̀, kí wọ́n sì fi àìní yàn án. Èmi tí mo dá owó kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì pé fún ìrìnàjò ọmọ mi ni. Bákan náà, owó tí gbogbo òbí gbọ́dọ̀ san kí ọmọ tó lè wọ ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ donation ni wọ́n kọ sórí ìwé rẹ̀, owó ọjà ni. Orúkọ kò lè sọ dandan di ọrẹ.

Kí ni ẹ gbà padà?

Ọ̀rọ̀ kẹta kò pọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àsè ẹgbẹ́ ní $100, oúnjẹ tí wọ́n gbé fún yín tó $40. Ọrẹ yín jẹ́ $60. Bí iye tí ènìyàn san bá ju $75 lọ, tí wọ́n sì fún un ní nǹkan, dandan ni fún ẹgbẹ́ láti kọ ọ́ fún un pé èló ni ohun tó gbà tó. Tíkẹ́ẹ̀tì ráfù kì í ṣe ọrẹ rárá, ẹ jẹ ẹ̀bùn ni o, ẹ kò jẹ ni o.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín ńkọ́? Ìyá kan nínú wa bá àwọn ọmọ rán aṣọ fún eré orí ìtàgé, ó tó ogún aṣọ, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, ó lè yọ wọ́n bí ẹgbẹ́ bá tóótun, kí ó sì tọ́jú rìsíìtì. Owó iṣẹ́ rẹ̀, kò lè yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń jẹ nìyẹn. Òfin kì í ka àkókò ẹni sí ọrẹ. Ẹni tó fi mọ́tò rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ lè ka sẹ́ǹtì 14 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn kéré, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún un wò.

Ìwé ẹ̀rí

Owó tí kò bá ní àkọsílẹ̀ báńkì tàbí ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ rárá, ì báà jẹ́ $10. Tí ó bá sì ti tó $250 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ nílò lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀: orúkọ rẹ̀, iye owó náà, àti gbólóhùn kan tó sọ bóyá ẹgbẹ́ fún yín ní nǹkan padà tàbí kò fún yín. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó fi ìwé owó orí ránṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá gbèdéke tí ìjọba fún yín láti fi í ránṣẹ́.

Gbólóhùn yẹn ni àwọn ènìyàn ń fojú kéré. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ owó orí gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya kan tí wọ́n ti fún ìjọ wọn ní owó tó lé ní $22,000. Wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀kì, ìjọ fún wọn ní lẹ́tà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò sọ bóyá wọ́n gba nǹkan padà. Nígbà tí IRS bi wọ́n, ìjọ kọ lẹ́tà kejì tó sọ ọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn kò san owó náà o. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi pàdánù rẹ̀. Ẹ̀yin akápò tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín.

Ta ni ó lè jẹ àǹfààní rẹ̀?

Títí di ọdún 2025, púpọ̀ nínú yín kì í rí nǹkan kan nínú ọrẹ yín lórí ìwé owó orí, nítorí ìjọba ti ní iye kan tí gbogbo ènìyàn lè yọ láìka ọrẹ sí. Ní ọdún 2026 yìí, iye náà jẹ́ $32,200 fún tọkọtaya tí wọ́n jọ kọ ìwé, àti $16,100 fún àpọ́n. Ẹni tí èlé owó ilé rẹ̀, owó orí ilé rẹ̀ àti ọrẹ rẹ̀ kò bá jọ ju iye yìí lọ, kò sí ìdí fún un láti máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé owó orí dípò kó mú iye yìí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 ti yí èyí padà. Láti ọdún 2026, ẹni tí kò to nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan náà lè yọ ọrẹ owó tó tó $1,000, tọkọtaya sì lè yọ $2,000. Ẹni tó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ka apá àkọ́kọ́ nínú ọrẹ rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un: bí $120,000 bá wọlé, $600 àkọ́kọ́ nínú ọrẹ rẹ̀ kò ní kà.

Ẹ má sì ṣe rò pé $2,000 tí ẹ yọ ni ìjọba yóò dá padà fún yín. Bí owó orí yín bá wà ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, $240 ni yóò dín kù. Owó epo mọ́tò oṣù kan ni fún ilé mìíràn, ẹ má ṣe fi sílẹ̀.

Kí n tó jókòó, ẹnì kan ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi, ó ń béèrè nípa owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé wa àtijọ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwé ní Nàìjíríà, tàbí sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ kò lè yọ ọ́ níbí, bó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà tó wà ní Amẹ́ríkà bá ti fi orúkọ sílẹ̀ níbí, tí IRS sì fọwọ́ sí i, tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pinnu ohun tí owó yóò ṣe, tí ó sì ń tọpa rẹ̀ délé, ọrẹ tí ẹ bá ṣe fún ẹ̀ka náà lè kà. Bí ó bá kàn jẹ́ pé ẹ̀ka Amẹ́ríkà jẹ́ ojú ihò tí owó ń gbà kọjá, kò kà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kí oúnjẹ tó dé, ẹ mú orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ yín wá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí rìsíìtì, ká jọ wá a lórí ojú ewé IRS. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú lẹ́tà yín wá, ẹ jẹ́ ká jọ wo gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀.